Ojú Tó Ń Ṣọ́ Omi

Bí ẹja àrọ̀ bá dé Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, ẹjọ́ ẹni tó sìn ín kì í pẹ́ parí. Ìyá ẹlẹ́ja á ki ọwọ́ bọ inú báàfù, á gbá ẹja mú lẹ́yìn orí níbi tí ẹ̀gún apá rẹ̀ kò ti ní í rí ọwọ́ gún, á gbé e jáde, á sì wò ó láti orí dé ìrù. Bí orí bá tóbi tí ara sì rù sẹ́yìn, ebi ti ń pa ẹja náà tipẹ́. Bí irùngbọ̀n rẹ̀ bá ti jẹ kúkúrú, inú omi ìdọ̀tí ló gbé. Bí ikùn bá pọ́n níbi tó yẹ kó funfun, àìsàn ti kàn án. Á fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á jẹ́ kó jà díẹ̀ kó lè mọ bí agbára rẹ̀ ṣe tó, lẹ́yìn náà ni yóò tó dá owó. Oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà tí ẹnì kan fi ń ṣọ́ omi lóru àti lọ́sàn-án, obìnrin yìí ti kà á tán kí omi tó kán tán lára ẹja.

Mo fẹ́ràn láti dúró wo ìdájọ́ yìí, nítorí iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rí ló ń hàn níbẹ̀.

Olúwo jẹ́ ọjà ẹja tí òkìkí rẹ̀ kàn ká gbogbo Èkó. Ọ̀sà ló bí i. Láti orí ọ̀sà ni àwọn apẹja ti ń kó ọ̀bọ̀kún, ẹpìyà, edé àti akàn wá, àwọn ọdẹ náà a sì máa gbé ọ̀yà àti òkété wá sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ìlú tó mọ omi ni Ẹ̀pẹ́. Orí omi ni Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀ gbà dé ibẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò lórí oyè l'Ékòó ní ìparí ọdún 1851, ọmọ àwọn tó bá a wá sì ni àwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́ tó ń ṣe ọdún Káyọ̀káyọ̀ lẹ́yìn Iléyá títí dòní. Orí omi kan náà ni ọjà Ẹ̀jìnrìn ti gbilẹ̀ láyé àtijọ́, níbi tí ará Ìjẹ̀bú ti ń pàdé ará Èkó. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ẹni tó bá wakọ̀ wá ra ẹja ní Olúwo fi gbà pé inú ọ̀sà ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ àrọ̀ tó ń jà nínú báàfù yẹn, inú kòtò omi tí èèyàn gbẹ́ tàbí agbada sìmẹ́ńtì tí èèyàn mọ ló ti dàgbà: ní àwọn oko tó yí Ẹ̀pẹ́ ká, ní Odogunyan ní Ìkòròdú níbi tí àwọn ọlọ́sìn ẹja ti fi ẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, àti ní ẹ̀yìnkùlé àìlóǹkà láàárín ìlú méjèèjì.

Àwọn kan máa ń yínmú sí i. "Àgíríìkì ni," ni wọ́n á wí, bí ẹni pé ọwọ́ èèyàn tó kàn án ti ba iyì rẹ̀ jẹ́. Bó bá jẹ́ ti adùn ni wọ́n ń sọ, mo gbà. Ẹja odò ní adùn tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹja odò, Ọlọ́run nìkan ló sìn ín. Ti inú agbada, Ọlọ́run sìn ín, ẹnì kan sì wà níbẹ̀ tí kò sùn. Ẹni tí kò sùn yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní Oníkàn l'Ékòó ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán ọ̀sìn ẹja wò ní Nàìjíríà, ní 1951. Oríṣiríṣi ẹja ni wọ́n ti dán wò láti ìgbà náà. Àrọ̀ ló borí wọn. Kò ṣa oúnjẹ, ó ń yára dàgbà, ó sì ní ẹ̀yà ara kan nínú orí, lókè ibi tí ẹja fi ń mí, tó fi ń gba afẹ́fẹ́ tí àwa náà ń mí sára. Ìyẹn ni wọ́n fi lè gbé e láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́ nínú omi tí kò bò ó tán kó sì dé láàyè. Ohun kan ṣoṣo ni kò gbà fún èèyàn: kì í dédé yé nínú agbada. Ní odò, ìgbà tí òjò bá rọ̀ tí omi sì kún bo koríko etídò ni àrọ̀ máa ń gòkè lọ yé. Nínú sìmẹ́ńtì kò sí àkúnya, kò sí koríko. Ẹyin á gbó nínú abo, á sì dúró síbẹ̀. Àfi kí àgbẹ̀ dúró nípò òjò. Láàárín ọdún 1970 sí 1990 ni àwọn onímọ̀, tí àwọn ará Wageningen ní Netherlands wà lára wọn, to ọ̀nà rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Lónìí, ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún lè máa kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ní Ìkòròdú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí òru ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gba ẹyin lára abo ṣe máa ń rí, nítorí ibẹ̀ ni ọgbọ́n iṣẹ́ yìí pọ̀ sí jù.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sábà máa ń gún abo ní abẹ́rẹ́. Ọ̀gá á ti yàn án tẹ́lẹ̀: ikùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ rọ̀, kó sì kún láti ẹ̀yìn apá títí dé ìdí. Èyí tó bá yọ síwájú nìkan, oúnjẹ ló wà nínú rẹ̀. Bí ó bá rọra fi ìka tẹ ikùn náà, ẹyin díẹ̀ á yọ, á sì tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́ wò. Kí wọ́n dọ́gba. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró láìlẹ̀ mọ́ èkejì. Bí wọn kò bá dọ́gba, á dá abo náà padà sínú omi, ì báà jẹ́ pé oníbàárà ti san owó ọmọ ẹja sílẹ̀. Wọ́n á fi aṣọ tútù bo orí ẹja kí ara rẹ̀ lè balẹ̀, wọ́n á fa oògùn tó ń mú ẹyin sọ̀, ìdajì mílílítà fún kílò kan, wọ́n á gún un ní ẹran ẹ̀yìn lábẹ́ lẹbẹ, ní ìdagẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì fi ìka dí ojú ibẹ̀ kí oògùn má bàa ṣàn jáde. Ó ku ìdúró.

Bí omi bá lọ́wọ́ọ́wọ́ tó 27°C, nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá sí méjìlá ni ẹyin fi ń sọ̀. Bí omi bá tutù, ó ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kánjú, ẹyin kò ní í tíì tú sílẹ̀. Ẹni tó bá jáfara, ẹyin á ti bàjẹ́ sí ikùn. Aago kan kò lè sọ ìṣẹ́jú rẹ̀ fún ọ̀gá. Ó ń ti ọwọ́ bọ omi, ó ń ṣírò, ó ń dìde láàjìn láti lọ wo bóyá ẹyin ti ń kán fúnra rẹ̀ nídìí abo. Nígbà tí àwọn yòókù bá ń jí fún àsùbáà, òun ti jí tipẹ́.

Kí wọ́n tó fọwọ́ kan abo, akọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń mú. Abo, wọ́n lè fún ẹyin jáde lára rẹ̀ kí wọ́n sì dá a padà sínú omi. Akọ àrọ̀ kò ṣeé fún bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń là. Akọ kan ní láti kú kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó lè wà láyé. Àwọn ọ̀gá tó mọṣẹ́ kì í fi èyí ṣeré: wọ́n á pa á lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á yọ àpò àtọ̀ méjèèjì, wọ́n á nu ẹ̀jẹ̀ kúrò lára rẹ̀ tónítóní, wọ́n á gé e, wọ́n á sì fún un sínú omi tí wọ́n ti wọn iyọ̀ sí.

Ibi tó kàn yìí ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń sọ pé iṣẹ́ àgbẹ̀ kò gba làákàyè wá wò. Ọ̀tá iṣẹ́ náà ní àkókò yìí ni omi lásán, èyí tí kò ní iyọ̀. Ẹja tí kò mọ ibòmíràn ju inú omi lọ, omi kò gbọdọ̀ kan ẹyin rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ kan àtọ̀ rẹ̀, kí wọ́n tó pàdé. Bí omi bá kan àtọ̀, á jí, á sáré, á sì kú láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Bí omi bá kan ẹyin, ihò bíńtín tí àtọ̀ ń gbà wọlé á pa dé kíá. Nítorí náà, wọ́n á fi tówẹ̀lì nu abo gbẹ, wọ́n á nu ọwọ́ tiwọn, wọ́n á nu abọ́. Ẹnì kan á di orí mú, ẹnì kejì á di ìrù. Àtàǹpàkò ọ̀gá á rọra máa sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀yìn apá lọ sí ìdí, ẹyin á sì máa ṣàn wọ inú abọ́ gbígbẹ. Kì í fi agbára ṣe é. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti fẹ́ bá ẹyin jáde, á dúró síbẹ̀, ohun tó bá kù sínú kó kù síbẹ̀. Wọ́n á da àtọ̀ lé e, wọ́n á fi ìyẹ́ adìyẹ rò ó pọ̀, nítorí awọ ẹyin náà fẹ́lẹ́, ṣíbí le jù fún un. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó bu omi sí i. Omi kan náà tí ì bá pa wọ́n ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn ló wá sọ wọ́n di ẹ̀dá.

Gíráàmù kan ẹyin àrọ̀ tó nǹkan bíi 600 sí 700 hóró. Abo tó bá wọn kílò kan lè mú 100 gíráàmù wá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá ronú iye ẹ̀mí tó wà nínú abọ́ kékeré yẹn, àti bí ọwọ́ tó tutù ní omi ṣe lè pa gbogbo rẹ̀ láìmọ̀.

Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí àwọ̀n nínú omi tó ń ṣàn, ní ìpele kan ṣoṣo, kí ọ̀kan má bàa gun orí èkejì. Láti ìgbà náà, fún nǹkan bí ọjọ́ kan gbáko, kò sí ohun tí ọwọ́ lè fi kún un mọ́. Èyí tó kú á funfun. Èyí tó wà láàyè á máa dúdú sí i. Iye tó máa yọ kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo gbà pé ibí ni ìgbàgbọ́ àgbẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì yẹ kí a rí i pé ẹ̀yìn tówẹ̀lì ló bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn ìyẹ́ adìyẹ, ẹ̀yìn àìsùn àjìn. Àwọn Mùsùlùmí Ẹ̀pẹ́ mọ ohun tí Ànábì sọ fún ẹni tó ní ràkúnmí, pé kó so ó ná kó tó fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Àwọn onígbàgbọ́ mọ ohun tí Pọ́ọ̀lù wí nípa ẹni tó gbìn àti ẹni tó bomi rin, pé Ọlọ́run ló ń mú un dàgbà. Mo ti gbọ́ tí àgbẹ̀ ń ka ikú ẹja sí iṣẹ́ ọ̀tá, nígbà tó jẹ́ pé omi tó yẹ kó ti pààrọ̀ láti ọjọ́ bíi mélòó kan ló ṣì wà nínú agbada tó ń rùn. Àdúrà irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń dùn mí, nítorí ohun tó ń bẹ Ọlọ́run fún ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ara páìpù tó kàn ní láti ṣí.

Ọmọ tó bá yọ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn ju hóró ìrẹsì lọ. Oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta wà lábẹ́ ikùn rẹ̀ láti ọ̀run wá. Nígbà tó bá tán, artemia ni wọ́n ń fún un, edé wínníwínní kan tí ẹyin gbígbẹ rẹ̀ ń wá nínú agolo, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ láti inú adágún iyọ̀ ńlá tó wà ní Utah ní Amẹ́ríkà. Àgbẹ̀ á rẹ ẹyin náà sínú omi iyọ̀ títí yóò fi yọ, á sẹ́ ẹ, á fún ọmọ àrọ̀ jẹ ní wákàtí méjì-méjì, títí kan òru. Iṣẹ́ tó ń múni gbàgbé orúkọ ọjọ́ ni.

Nígbà tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ẹ̀kẹta, nǹkan kan á ti ṣẹlẹ̀ nínú agbada. Ọmọ ìyá kan náà, tí wọ́n yọ lóru kan náà, àwọn kan nínú wọn á ti tóbi ju àwọn yòókù lọ ní ìlọ́po méjì. Ṣúútà ni àwọn ọlọ́sìn ń pè wọ́n. Ṣúútà kò dúró de oúnjẹ mọ́. Ó ń gbé àbúrò rẹ̀ mì, láti ìrù tàbí láti orí, òmíràn á tilẹ̀ há sí i lọ́fun tí àwọn méjèèjì á fi kú pọ̀. Ẹni tó bá sùn gbàgbé lọ́sẹ̀ yìí lè jí bá ẹja mélòó kan tó sanra nínú omi tó dákẹ́.

Yíyà wọ́n sọ́tọ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ tó wù mí jù ní gbogbo oko ẹja. Àwọn kan ní abọ́ tí wọ́n lu ihò sí nídìí: èyí tó kéré á bọ́ sísàlẹ̀, èyí tó tóbi á dúró lókè. Àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ kò lo ìyẹn. Wọ́n á jókòó sórí àpótí, abọ́ mẹ́ta yí wọn ká, wọ́n á bu ọmọ ẹja pẹ̀lú omi sí àtẹ́lẹwọ́, ojú á kọ́kọ́ ṣà á, ìka á tẹ̀ lé e, ńlá sọ́tùn-ún, kékeré sósì, àárín síwájú. Wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ń dá aláwàdà lóhùn, ọwọ́ kò sì dúró. Wọn kò jẹ́ kí ọmọ ẹja pẹ́ lókè omi, wọn kò sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbígbẹ mú un, kí omi yíyọ̀ tó ń dáàbò bo ara rẹ̀ má bàa bó. Ṣe ni wọ́n ń fi ebi pa ẹja ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, nítorí ẹja tó yó kò fara da ìfọwọ́bà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi méjì, wọ́n á tún un ṣe, lẹ́yìn náà wọ́n á tún un ṣe.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ti ṣe mí láǹfààní nínú ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́. Àgbẹ̀ kò bínú sí ṣúútà. Oúnjẹ ló ń wá. Kò sì pe èyí tó kéré ní ọ̀lẹ. Ó fún kálukú ní omi tirẹ̀. Èyí tí wọ́n ti ń tì kúrò nídìí oúnjẹ láti ọjọ́ tó ti yọ, bí wọ́n bá gbé e síbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, ọ̀pọ̀ nínú wọn a sì dé ọjà bí ẹja. A pọ̀ tí a kó ọmọ sínú agbada kan tí a ń retí kí Ọlọ́run yà wọ́n fún wa.

Lẹ́yìn èyí, ṣíṣọ́ omi ló kù, ó sì lè gba oṣù mẹ́rin sí i. Olùṣọ́ tó gbọ́n kì í gbé oúnjẹ dání bó bá ń lọ sí etí omi láàárọ̀. Á kọ́kọ́ dúró. Á wo bóyá ẹja ń wá sókè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti gba afẹ́fẹ́ kí wọ́n sì padà, tàbí wọ́n dúró lóòró pẹ̀lú ẹnu sókè tí wọn kò lọ mọ́. Á gbọ́ òórùn. Bó bá jẹ́ kòtò ilẹ̀, á wo àwọ̀ omi: ewéko díẹ̀ dára, ṣùgbọ́n bó bá dúdú jù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á ti tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò ju ìkúnwọ́ kan, tí yóò sì ka bí wọ́n ṣe ń jà sí i. Ẹja tó bá lọ́ra láti jẹun ń sọ ohun kan. Ẹni tó bá tún da oúnjẹ lé ìyẹn ń ra ikú fún wọn. Bí òjò ńlá bá ṣú, ó mọ̀ pé àrọ̀ á rántí àkúnya odò, á fẹ́ gun ògiri jáde, nítorí náà á ti ta àwọ̀n sórí agbada kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí oko wọn wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ etí omi ní Ìkòròdú mọ èyí tó burú jù: omi tó kún láti odò Ògùn tó máa ń gba orí kòtò kọjá. Ìdókòwò ọdún kan á gba iwájú ẹni wẹ̀ lọ. Lẹ́yìn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, mo ti rí i pé àwọn kan kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n á kó ẹrọ̀fọ̀, wọ́n á fi ẹfun wọ́n ilẹ̀ kòtò, wọ́n á sá a sí oòrùn.

Àwọn ìyá Olúwo náà kò gba iṣẹ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Bí o bá ra àrọ̀ tán, wọ́n á béèrè bóyá o fẹ́ kí wọ́n bá ọ ṣe é. Igi kan lórí, lẹ́ẹ̀kan, ó ti kú. Iyọ̀ tàbí omi gbígbóná ni wọ́n fi ń bó omi yíyọ̀ ara rẹ̀. Ọ̀bẹ á wọ ikùn láìkan òróòro, nítorí bí òróòro bá tú, ó ti kúrò ní ẹja tí wọ́n lè fún oníbàárà. Bó bá jẹ́ ti yíyan, wọ́n á ká a, ìrù á pàdé ẹnu, wọ́n á fi igi pẹ́pẹ́ gún un kó má bàa tú, iná rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti èéfín ju ti ọwọ́ iná lọ. Ẹni tó bá ń kánjú á rí èèpo tó jó àti ẹran tó ṣì tutù nínú, tí yóò bu kí ọjọ́ kẹta tó pé. Àwọn ìyá wọ̀nyí náà ń sọ èrò wọn padà fún oko. Àgbẹ̀ tó bá gbọ́n máa ń fara balẹ̀ gbọ́ wọn: "Bọ̀dá, ọ̀rá ti pọ̀ jù nínú ikùn ẹja yín, ẹ dín oúnjẹ kù kí ẹ tó kó o wá." Wọn kò ka ìwé lórí rẹ̀. Ikùn tí wọ́n ti là ni wọ́n fi mọ̀.

Oúnjẹ yẹn gan-an ló ń fa ìnira báyìí. Nínú gbogbo owó tí ọlọ́sìn ẹja ń ná, oúnjẹ ló ń kó èyí tó pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ nínú èròjà rẹ̀ sì ń wá láti òkè òkun. Láti ìgbà tí wọ́n ti jẹ́ kí náírà wá ìwọ̀n ara rẹ̀ ní Okúdù 2023, iye owó àpò oúnjẹ kan ti fò sókè débi pé ọ̀pọ̀ agbada ti gbẹ, tí àwọn kan ti sọ ọ́ di ibi ìkẹ́rù. Àwọn tó dúró ti ń lọ oúnjẹ fúnra wọn: àgbàdo, ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀, sóyà, edé gbígbẹ, ìdin tí wọ́n sìn, gbágùúdá láti fi dì í mọ́ra. Wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ jáde ní pélébé, wọ́n á sá a, wọ́n á kọ́kọ́ ju díẹ̀ sínú abọ́ omi láti mọ̀ bóyá á léfòó tàbí á rì, àti bí yóò ṣe pẹ́ tó kó tó tú. Ti ilé sábà máa ń rì. Wọn kì í da irú rẹ̀ nù. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí omi, wọ́n á máa fún ẹja ní ìkúnwọ́ kan, wọ́n á dúró kí ẹja gbé e mì tán kí wọ́n tó ju òmíràn. Ó ń gbà wọ́n ní àkókò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n sì ń ṣe é.